Ìròyìn ò tó àfojúbà: Ohun tí oyin orí igi máńgòrò kọ́ mi

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, oyin bà sórí igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ìyá mi n'Ìbàdàn. Kì í ṣe oyin kan tàbí méjì o. Odidi agbo ni. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n so rọ̀ lára ẹ̀ka bí àpò gààrí tí wọ́n fi okùn kọ́. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, àmọ́ kí n tó débẹ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Alága ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ti pe ìpàdé pàjáwìrì síwájú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa.

Ohùn kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp àdúgbò. Wọ́n ní oyin náà ti ta ewúrẹ́ méjì pa ní òpópónà kejì, wọ́n sì ti gbé ọmọ kan lọ sí ọsibítù. Ẹni tó gbé ohùn náà jáde ò sọ pé òun rí i. "Wọ́n ní" ló ń tẹnu bọ̀. Mo gbọ́ ọ, àyà mi já, mo sì fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí wa kí n tó wọ mọ́tò. Èmi náà nìyẹn o, èmi tí wọ́n fi ọdún márùn-ún kọ́ ní yunifásítì pé ẹ̀rí àgbọ́sọ ò wúlò ní kóòtù.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní ìpàdé náà ò ju ẹyọ kan lọ: bẹntiróòlù. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Wọ́n á we àkísà mọ́ orí ọ̀pá gígùn, wọ́n á rì í bọ inú bẹntiróòlù, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á nà án sókè. Igi yẹn ò jìnnà sí òrùlé ìyá mi rárá, wáyà iná NEPA sì gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá. Alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo ti fẹ́ẹ́ nawọ́.

Bàbá kan tó ń sin oyin nínú oko rẹ̀ ló dá wa dúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Ta ló rí ewúrẹ́ náà nínú yín?"

A wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó rí i.

Bàbá ní: "Ṣẹ́ ẹ rí àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ sun yẹn, ìpàdé làwọn náà ń ṣe lọ́wọ́. Tiwọn sì dáa ju tiyín lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní ká fún wọn lọ́jọ́ méjì, ká lé àwọn ọmọdé jìnnà sí igi náà, ká má sọ òkúta, ká má fi èéfín yọ wọ́n lẹ́nu. Alága sún un di ọjọ́ Mọ́ńdé. Lédè àwa tá a kọ́ nípa òfin, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú.

Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá ń dápàárá ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa oyin títí oorun fi dá lójú mi. Kò dápàárá. Ohun tí mo kà ni mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ lónìí, torí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti oyin lọ.

Nígbà tí ilé oyin bá kún jù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ á bá ìyá oyin àtijọ́ jáde, wọ́n á fi ilé sílẹ̀ fún ìyá oyin tuntun. Wọ́n á bà sórí igi kan nítòsí, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, nígbà míì fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn ò ní afárá níbẹ̀, wọn ò ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́, wọn ò ní oyin tí wọ́n tọ́jú pa mọ́. Ilé ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí inú wọn kì í fi í tètè bí lásìkò yẹn bíi tàwọn tó ń ṣọ́ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kéèyàn sún mọ́ wọn.

Ta wá ló máa yan ilé? Àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ gbà pé ọba ló ń darí oyin, wọ́n tiẹ̀ rò pé akọ ni. Abo ni, kì í sì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa yé ẹyin, ó sì lè yé tó 1,500 lójúmọ́ nígbà tí òdòdó bá pọ̀. Òórùn ara rẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìyá wà nílé. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa kó lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe ń yàn án, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ èdè wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Munich nílẹ̀ Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀. Ó kun oyin lọ́dà kó lè dá wọn mọ̀, ó gbé omi ṣúgà kalẹ̀ fún wọn, ó sì ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n bá délé. Ijó ni wọ́n ń jó. Oyin tó rí oúnjẹ á dé, á máa jùdí lọ ní ìlà kan lójú afárá, á yí padà, á tún un jó. Afárá dúró lóòró bí ògiri. Tó bá jùdí lọ sókè tààrà, ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n kọjú sí ibi tí oòrùn wà, kí wọ́n máa lọ. Tó bá dà sí ọ̀tún díẹ̀, kí wọ́n fi oòrùn sílẹ̀, kí wọ́n yà sí ọ̀tún ní ìwọ̀n yẹn gan-an. Bí ìdí jíjù náà bá ṣe pẹ́ tó ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó: ìṣẹ́jú àáyá kan fẹ́ẹ̀ dúró fún kìlómítà kan. Inú òkùnkùn ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo èyí, ìfarakàn ni àwọn tó ń tẹ̀ lé e fi ń gbọ́ ọ. Wọ́n fún von Frisch ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973, òun pẹ̀lú Konrad Lorenz àti Nikolaas Tinbergen.

Ẹ tún wo ohun kan níbẹ̀. Oyin tó ń jó kì í dé lọ́wọ́ òfo. Òórùn òdòdó náà wà lára rẹ̀, ó sì ń fún àwọn tó ń wò ó lára omi dídùn tó gbé bọ̀ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí tó gbé ẹ̀rí wá síwájú adájọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1949, Martin Lindauer, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ von Frisch, rí agbo oyin kan tó so rọ̀ nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Munich, bíi ti igi máńgòrò ìyá mi. Àwọn kan ń jó lórí agbo náà, àmọ́ wọn ò gbé oúnjẹ kankan bọ̀. Ara wọn dọ̀tí ni. Èédú ilé ìdáná gbá àwọn kan dúdú, eruku bíríkì gbá àwọn míì pupa, ìyẹ̀fun gbá àwọn míì funfun. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn nígbà yẹn, bọ́ǹbù ti sọ Munich di àlàpà. Lindauer wá rò ó pé àwọn oyin yìí ń wọnú àwókù ilé ni. Amí ni wọ́n. Ihò èéfín, ihò ara ògiri, àpótí ìyẹ̀fun: wọ́n ń wọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó bóyá ó ṣeé gbé. Ijó tí wọ́n ń jó, ibi tí wọ́n rí ni wọ́n ń júwe.

Thomas Seeley, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ náà síwájú. Ó kó oyin lọ sí erékùṣù Appledore, lójú òkun ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí igi ńlá ò ti sí, kó lè jẹ́ pé àpótí tó bá gbé kalẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí. Ó gbé àpótí márùn-ún sílẹ̀: mẹ́rin kò burú, ọ̀kan dáa gan-an. Ó ṣe é nígbà márùn-ún pẹ̀lú agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yan èyí tó dáa jù. Kò sì sí oyin kan tó jókòó ṣàyẹ̀wò àpótí márààrún kó tó sọ̀rọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣe é? Nínú agbo oyin bíi 10,000, ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ló ń ṣe amí. Ẹni tó bá rí ilé á padà wá jó. Bí ilé náà bá dáa, á jó o pẹ́. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ dáa, á jó o díẹ̀, á jókòó. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: oyin tó wo ijó náà kì í dìde kó máa jó o láìtíì débẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wọ inú rẹ̀, kó rìn ín yí ká. Tó bá padà dé, ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí ló máa jó, kì í ṣe ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣàṣìṣe, àṣìṣe náà ò ní lọ jìnnà, torí àwọn tó bá tẹ̀ lé e lọ ò ní bá ohun tó sọ níbẹ̀.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Abala 38 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 nílẹ̀ wa sọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀: a kì í gba ẹ̀rí àgbọ́sọ àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda rẹ̀. Abala 126 ní tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ohun tó ṣeé fojú rí, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ni kó wá jẹ́rìí. Mo há gbogbo èyí sórí fún ìdánwò. Oyin ò kàwé, àmọ́ òun ló ń tẹ̀ lé e.

Nǹkan méjì míì tún wà nínú ìpàdé wọn tó wù mí. Èkíní, oyin tó ti jó tiẹ̀ máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá padà wá, títí á fi dákẹ́ pátápátá, ì báà jẹ́ ilé tó dáa jù ló rí. Kò sí pé ẹnì kan á gba máíkì kó má fẹ́ẹ́ fi sílẹ̀ mọ́. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dáa, àwọn tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò á gbé e. Àwọn tó fara mọ́ ilé míì sì lè forí kàn án nígbà tó ń jó, kí wọ́n dún "bíì" sí i pé kó dá a dúró. Èkejì, wọn kì í dúró di ìgbà tí gbogbo wọn bá pa ohùn pọ̀. Tí amí tó wà níbi ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà bá ti tó bí 20 sí 30, kórọ́ọ̀mù ti pé nìyẹn. Wọ́n á padà sórí igi, wọ́n á máa dún fún àwọn yòókù pé kí wọ́n gbára dì, kí iṣan apá wọn gbóná. Lẹ́yìn náà, gbogbo agbo á gbéra.

Ẹ má rò pé ọjọ́ ìpàdé nìkan ni wọ́n ń hùwà báyìí. Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ nínú ilé náà nìyẹn. Oyin òṣìṣẹ́ kì í lò tó oṣù méjì láyé nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, á ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ihò afárá ló ń nù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á máa bọ́ ọmọ. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìda á máa jáde lábẹ́ ikùn rẹ̀, á máa fi mọ afárá, á sì máa gba omi òdòdó lọ́wọ́ àwọn tó ń ti oko bọ̀. Àwọn kan á ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó bá fẹ́ẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń lọ sóko, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kú sí. Iṣẹ́ tó léwu jù, àgbà ló wà fún. Ẹ bá mi rò ó wò ná, àwa tó jẹ́ pé ọmọ kékeré là ń gbé kẹ́ẹ̀gì lé lọ́wọ́.

Kò sí fọ́ọ̀máànù tó ń pín iṣẹ́ yìí. Lindauer sàmì sára oyin kan, ó pè é ní nọ́ńbà 107, ó sì ṣọ́ ọ fún ohun tó ju wákàtí 170 lọ. Ó ju ìlàjì àkókò náà lọ tí oyin yìí kàn dúró jẹ́ẹ́, tàbí tó ń rìn káàkiri ilé, tó ń yọjú sínú ihò kan dé òmíràn. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé á pè é ní ọ̀lẹ. Àmọ́ ibi tó ti ń yọjú yẹn ló ti ń mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ti oko dé. Tó bá tètè rí ẹni tó gba omi òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé àyè ṣì wà nílé, á sì jùdí kí àwọn míì lè tẹ̀ lé e lọ sóko. Tó bá dúró pẹ́ kó tó rẹ́ni gbà á, ó mọ̀ pé ọwọ́ ò tó nílé. Kò ní lọ fẹjọ́ sun ìyá oyin. Á jó ijó míì, á máa gbọ̀n rìrì káàkiri ilé, àwọn oyin míì á sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìgbàmi yẹn. Ohun tí kálukú fojú ara rẹ̀ rí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ló ń darí ilé náà.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ọ̀ràn kan wà tí oyin kì í yẹ̀ wò. Nígbà tí oyin bá ta èèyàn, abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ á há sí wa lára, á já kúrò lára rẹ̀, á sì kú. Òórùn kan á jáde níbi tó ta náà, tó jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n. Tí àwọn yòókù bá ti gbóòórùn yẹn, kò sí ìbéèrè mọ́. Wọ́n á tú jáde, wọ́n á máa ta ohun tó bá ń mira. Ẹni tó bá ta èèyàn nínú wọn ò ní délé mọ́. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí ọmọ àti oúnjẹ wọn wà ni wọ́n sábà máa ń fi èyí ṣọ́, níbi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dúró ṣèwádìí, ilé ti lè run. Wọn kì í fi yan ilé, wọn kì í fi pín iṣẹ́.

Àwa la fẹ́ẹ́ máa fi òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan. Ohùn orí WhatsApp ọjọ́ yẹn, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní ni pé kẹ́ẹ̀gì ti wà nílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè. Bó bá jẹ́ èèyàn ni wọ́n ká mọ́ ìdí igi yẹn ńkọ́, tí wọ́n ní ó jọ gbọ́mọgbọ́mọ? Lóṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n lu ọmọ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin pa, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé ẹnì kan pariwo olè. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta lára àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá wà nínú wọn. Àwọn tó dúró yí ká lọ́jọ́ náà pọ̀ gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mélòó nínú wọn ló fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ní wọ́n jí?

Ẹnì kan lè ní oyin kì í ṣe èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ilé kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ẹ́ wọ̀. Amí tó bá purọ́, inú ilé burúkú yẹn lòun náà máa sùn. Ní ìpàdé tiwa, ọkùnrin tó pariwo jù pé ká sun igi náà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń bá ìyá mi jà pé ewé máńgòrò ń dí gọ́tà òun. Kì í ṣe oyin ló ń bínú sí. Nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn wa ò dọ́gba gan-an ló fi yẹ ká máa yẹ ọ̀rọ̀ wò ju oyin lọ. Àwọn àgbà kúkú ti ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ sí òpópónà kejì. Mo béèrè láti ojúlé dé ojúlé. Ewúrẹ́ kan kú lóòótọ́, ọ̀kadà ló gbá a. Kò sọ́mọ kankan ní ọsibítù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, bí oòrùn ṣe ń mú, ariwo àwọn oyin náà yí padà. Ìyá mi wà lójú fèrèsé. Ó ní bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ló rí. Ìṣù náà tú, ojú ọ̀run ṣú fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n gba orí òrùlé kọjá lọ sí apá odò. Ìpàdé wọn ti parí. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù náà, inú jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n padà dà á sí.

Mo padà sórí gúrúùpù ẹbí wa, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe òótọ́, mo sì bẹ̀bẹ̀. Ẹni mọ́kànlá ló ti fi ohùn àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ síbòmíì. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn lórí èyí tó jẹ́ òótọ́, àbúrò ìyá mi tó wà l'Ékòó. Ó ní: "Lọ́yà, ewúrẹ́ wo?"